Ṣé Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn Ni Kéwú Tó Wà Lára Náírà?



Ẹ mú owó ẹgbẹ̀rún kan náírà jáde nínú àpò yín, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí ìlà kékeré kan tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ẹni tó bá ń ra ìrẹsì lọ́jà Ọ̀fàdà, tàbí tó ń wọkọ̀ láti Mowe lọ sí Ibafo, lè ti gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan sọ pé: "Ẹ̀yin Mùsùlùmí ti kọ ẹ̀sìn yín sára owó gbogbo wa." Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í mọ èsì tí wọn ó fọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi yangàn pé kálímà ló wà lára owó.

Kì í ṣe kálímà. Kì í ṣe áyà Àlùkùránì, kì í tilẹ̀ ṣe èdè Lárúbáwá. Èdè Haúsá ni, iye owó náà ló sì ń sọ: "naira dubu daya", ìyẹn náírà ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọ ilé-kéwú lè pe lẹ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ Haúsá, kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àjámì ni wọ́n ń pe irú ìkọ̀wé yìí. Àwọn àáfà tiwa náà fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, pàápàá ní Ìlọrin, a sì ń pè é ní ànjẹ́mì. Lẹ́tà kò ní ẹ̀sìn. Bó bá ní ni, a-b-d tí àwọn míṣọ́nnárì CMS jókòó tò ní Èkó ní 1875 ìbá ti sọ gbogbo ẹni tó ń ka Yorùbá di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́. Ní 2007, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀, wọ́n yọ Àjámì kúrò lára ₦5, ₦10, ₦20 àti ₦50, wọ́n sì fi lẹ́tà a-b-d kọ iye wọn ní Haúsá, Yorùbá àti Ígbò. Kò sí i lára ₦100 tí wọ́n ṣe ní 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà náà, inú àwọn Mùsùlùmí kan kò sì dùn sí i. Ní 2020, agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo pe Báńkì Àpapọ̀ lẹ́jọ́ ní Èkó, pé kí wọ́n yọ èyí tó kù, torí òfin ilẹ̀ wa, abala 10, kò fàyè gba ẹ̀sìn ìjọba. Báńkì náà dáhùn pé kò jẹ mọ́ ẹ̀sìn rárá, pé láti ayé òyìnbó amúnisìn ló ti wà, fún àwọn tí kò ka ìwé òyìnbó.

Bí ẹ bá wá ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gan-an lára owó tí àwọn baba ńlá wa ná, ó wà o! Ṣílè fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ná ní Èkó láyé Ọbabìnrin Victoria ní ọ̀rọ̀ Látìn lára: "nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run" àti "olùgbèjà ìgbàgbọ́". Oyè ìkejì yìí, Póòpù ló fi jẹ Henry Kẹjọ ní 1521. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ gbé owó kan jáde láìsí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní 1849, ariwo ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ ní owó aláìní Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka Látìn níbí?

Ní Amẹ́ríkà, 1864 ni "Ọlọ́run la gbẹ́kẹ̀ lé" kọ́kọ́ hàn lára kọ́ìnì wọn, ó sì di 1957 kó tó dé orí owó bébà. Ààrẹ Theodore Roosevelt kò fẹ́ ẹ. Lójú tirẹ̀, àfojúdi sí Ọlọ́run ni. Àwọn aṣòfin ló dá a padà ní 1908.

Àwọn tiwa ti bá irú ìyẹn pàdé ṣáájú rẹ̀. Owó Róòmù tó ní àgbélébùú àti owó Páṣíà tó ní pẹpẹ iná ni àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ná, títí Khalífà Abdul-Malik ọmọ Marwan fi rọ dínárì tirẹ̀ ní Dàmásíkù, ọdún 77 lẹ́yìn Hijrah. Kò ya àwòrán kankan sí i. Gbólóhùn ìṣọ̀kan Ọlọ́hun àti ọ̀rọ̀ láti inú Súrátúl-Ikhlas ló kọ sí i. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ àwọn òpìtàn sọ pé àwọn onímọ̀ kan kórìíra rẹ̀, torí ẹni tó ní jánábà yóò máa fọwọ́ kàn án. Àwọn onímọ̀ fíkì náà jiyàn lórí mímú irú owó bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìgbẹ́.

Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó kórìíra rẹ̀. Ẹ wo ohun tí à ń fi náírà ṣe: à ń ná an lóde ijó, à ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, à ń fi san rìbá. Orúkọ Ọlọ́hun ga ju ibẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá dábàá lọ́la pé kí a kọ kálímà sí i, mi ò ní bá a pariwo.

Ṣùgbọ́n Àjámì kì í ṣe èyí. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé, ta ló lè ka owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá arúgbó kan ní Kano tó kàwé, àmọ́ tó jẹ́ pé kéwú nìkan ló kà, ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àwọn owó kéékèèké gan-an sì ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní 2007.