Sóyà: Ẹ̀wà Tó Ń Wá Ajílẹ̀ Ara Rẹ̀

Ṣé ẹ rántí sóyà tí a gbìn sí oko ilé-ìwé? Ewé rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, a ní a kò ro oko dáadáa ni. Gbòǹgbò ló yẹ ká wò! Ẹ jẹ́ kí n pìtàn rẹ̀ fún yín.

Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin sóyà ní Nàìjíríà, ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Nínú kílò 100 hóró rẹ̀, nǹkan bí kílò 20 jẹ́ òróró, kílò 40 sì jẹ́ èròjà amáradàgbà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ilẹ̀ a máa gbé inú kókó gbòǹgbò rẹ̀, wọn a máa fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún un: ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n sóyà Amẹ́ríkà tó ń so dáadáa kì í bá gbogbo ayé ṣe. Irú kòkòrò kan ló mọ̀, ilẹ̀ wa kò sì ní in. Àfi kí àgbẹ̀ ra kòkòrò náà, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tútù, tàbí kó ra fatiláísà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá fẹ́ ti rí fíríìjì ní 1977?

IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ní kí wọ́n tún ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ ṣe. Wọ́n rí i pé àwọn sóyà Éṣíà kan, bíi Malayan, ń bá kòkòrò ilẹ̀ wa rẹ́, àmọ́ èso wọn kò tó. Wọ́n fi ìyẹ̀ òdòdó ọ̀kan sí èkejì, wọ́n gbin àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ tí kò ní náítírójìn púpọ̀, wọ́n sì ń ṣa èyí tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ kún fún kókó. Bí ìdílé TGx ṣe dáyé nìyẹn.

Ká má purọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Níbi tí kòkòrò ilẹ̀ kò bá pọ̀, TGx pàápàá lè so sí i bí a bá fi kòkòrò tí a rà kún un. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ N2Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, fi tún gbé e tọ àgbẹ̀ lọ. Bí a bá sì kó hóró àti ewé kúrò lóko, kí ni àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ fẹ́ jẹ?

Nítorí náà, bí ẹ bá ra wàrà sóyà ní Kuto lẹ́yìn àpéjọ yìí, ẹ rántí àwọn tó ń wú gbòǹgbò wò nígbà tí àwa ń wo ewé.