Ọ̀nà Góòlù Kóòsì: Ìrìn-àjò Àwọn Oníṣòwò Yorùbá sí Gánà

Láti 1874 títí di 1886, Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tó di Gánà, ni wọ́n ti ń ṣèjọba Èkó. Gómìnà tó ni àṣẹ lórí Ìsàlẹ̀ Èkó kò sí nítòsí ọ̀sà. Ó wà ní Góòlù Kóòsì, ìwé rẹ̀ sì ní láti wọ sítímà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣojú rẹ̀ l'Ékòó. Ètò yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn apìtàn mọ́. Ó yẹ ká rántí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń gbọ́ bí àwọn agbèrò ṣe ń pe “Kútọ̀nù, Lómè, Àkrà” ní Máìlì Túù l'Ékòó lónìí lè rò pé ìrìn-àjò àná ni. Ọ̀nà náà pẹ́ ju mọ́tò lọ. Ó pẹ́ ju ẹnubodè pàápàá lọ.

Àwọn ọmọ ogun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rìn ín lábẹ́ òyìnbó. Ní 1873, John Glover, tó ti ṣàkóso Èkó rí, kó àwọn Hausa àti Yorùbá jọ láti Èkó, ó kó wọn lọ sẹ́bàá odò Fólítà láti bá àwọn Àṣáńtì jagun. Ní 1900, nígbà tí Yaa Asantewaa ṣíwájú ogun, tí wọ́n sé gómìnà òyìnbó mọ́ inú odi Kùmásí, àwọn ọmọ ogun Èkó tí Ọ̀gágun Aplin kó sẹ́yìn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jà wọ ìlú náà. Bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe kọ́kọ́ fojú kan ilẹ̀ Gánà nìyẹn: pẹ̀lú ìbọn léjìká, lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ló sọ Gánà di ilé fún ọmọ Yorùbá. Obì àti aṣọ ni.

Inú igbó Àṣáńtì ni obì ti ń so. Wọ́n ń rù ú gòkè lọ sí Sàlágà, ọjà ńlá ilẹ̀ Gónjà, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ti ń kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá dì í. Obì gbànja tí Yorùbá ń jẹ, orúkọ ilẹ̀ yẹn ló gbé wá. Nígbà tí sítímà pọ̀ létí òkun, ọ̀nà omi tún ṣí: wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀ obì láti èbúté Àkrà wá s'Ékòó, wọ́n á sì tibẹ̀ fi rélùwéè gbé e lọ sókè Ọya. Òwò yẹn lówó lórí títí àwọn àgbẹ̀ Agége àti ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá fi gbin obì gbànja tiwọn. Bí èyí tó ń so nílé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti Góòlù Kóòsì ń dín kù ní Èkó.

Ti aṣọ ló gbé àwọn ará òkè dé ibi tó jìnnà. Àwọn ahunṣọ Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú Òkè-Ògùn ń hun ju ohun tí ilé lè rà lọ, wọ́n sì gbọ́ pé aṣọ òfì ń tà lápá àríwá Góòlù Kóòsì. Ẹni tó bá fi Ìgbohò tàbí Ṣakí sílẹ̀, ilẹ̀ Ìbàrìbá ló máa wọ̀: Níkì, Pàràkú, kó tó bọ́ sí Júgù. Lẹ́yìn náà ló máa la Tógò kọjá dé Yéńdì, ìlú ọba àwọn Dàgómbà, kó tó dé Tàmálè, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di olú-ìlú àríwá ní 1907. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, ẹrù lórí, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, wọn kì í sì í dá rìn. Kí ogun àgbáyé kìíní tó dé ní 1914, Yéńdì wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì. Oníṣòwò tó bá rin ọ̀nà náà já ti kọjá lábẹ́ ìjọba òyìnbó mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì nílé, Faransé ní Dàhòmì, Jámánì ní Tógò, kó tó tún bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Tàmálè. Àwọn aṣọ́bodè wà káàkiri tó ń béèrè owó ibodè, àwọn onímọ̀ ọ̀nà sì mọ ipa ẹsẹ̀ tó gba inú oko kọjá.

Kí ló lé wọn jáde nílé? Èèyàn máa ń yára sọ pé ìfẹ́ owó ni, ọ̀rọ̀ náà sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkó tó sọ àgbẹ̀ Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó di olówó kò gbilẹ̀ nílẹ̀ ọ̀dàn. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ̀tì àti Ìgbohò kò ní irúgbìn tí òyìnbó ń fi owó gidi rà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba gbé owó orí dé ní Ọ̀yọ́ ní 1916, ó sì ń fẹ́ ṣílè lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ san owó orí, tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó, tó fẹ́ kọ́lé páànù, níbo ni yóò ti rí i? Àwọn ará Èjìgbò dojú kọ Kọdifúà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Àbíjánì débi pé èèyàn ń gbọ́ Faransé nígboro Èjìgbò títí dòní. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òkè-Ògùn lọ sí Góòlù Kóòsì.

Ohun kan tún mú un rọrùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Láti 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá àjọ tó ń ṣe owó kan náà fún Nàìjíríà, Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gáńbíà sílẹ̀. Ṣílè tí wọ́n fi ra ẹ̀kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n fi ń ra kẹ́ńkẹ́ ní Kùmásí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí kò nílò ìwé ìrìnnà kó tó gbé Kùmásí tàbí Tàmálè. Èyí ló jẹ́ kí odindi ìran kan dàgbà láìka ìwé sí, ọ̀rọ̀ ìwé yìí náà ló sì padà wá bá wọn níkẹyìn.

Òwò náà ní ìlànà tirẹ̀. Ọmọdékùnrin á tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ lọ. Á máa kiri pẹ̀lú àtẹ lórí, á máa sùn sí yàrá ọjà, kò sì sí owó oṣù. Ọ̀gá ń bọ́ ọ, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdásílẹ̀, ọ̀gá á fún un lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, tàbí kó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún un lọ́jà àwìn, kó ṣe onídùúró fún un. Òun náà á wá ránṣẹ́ sílé fún ọmọ ìyá rẹ̀ kékeré. Báyìí ni agbo ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe lè ní ọmọ ní Tàmálè, ní Sàfẹ́lúgù, ní Yéńdì àti ní Kùmásí, tí gbogbo wọn mọ iye tí ọjà ń lọ níbi tí èkejì wà.

Ohun tí wọ́n ń tà kò tóbi lójú. Abẹ́rẹ́ àti òwú, ìlẹ̀kẹ̀, dígí, ìṣáná, àwo tánganran, aṣọ ìborùn, súgà tí wọ́n tú láti inú páálí tí wọ́n sì ń tà ní hóró. Wọ́n ń gbé e dé abúlé tí ilé ìtajà àwọn òyìnbó kò lè dé, wọ́n ń pín in sí ìwọ̀n tí àgbẹ̀ lè rà, wọ́n sì ń jí lọ sí ọjà ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà àwọn Dàgómbà láti ìlú dé ìlú. Àwọn obìnrin ò jókòó ti ọkọ. Ìyàwó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ ní àtẹ tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti oníbàárà tirẹ̀. Nígbà tó yá tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àjèjì ti gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò ka làálàá yìí kún. Àwọn tó ń ṣe òwò náà kò bá a nílẹ̀. Wọ́n rù ú lórí débẹ̀ ni.

Inú Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, níbi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ní olórí tirẹ̀ tó ń parí ìjà, tó sì ń ṣojú àwọn èèyàn rẹ̀ níwájú ọba onílẹ̀. Hausa ni èdè àdúgbò, Dagbani ni èdè ọjà lápá òkè, Twi ni ti Kùmásí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Gánà, Alátà ni wọ́n ń pe ará Nàìjíríà, títí kan ọṣẹ dúdú tí wọ́n bá wọn ra: ọṣẹ Alátà ló ń jẹ́ títí dòní.

Nǹkan tó yà wọ́n lẹ́nu pọ̀. Ní Kùmásí, gbáàgúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń gún pọ̀. Èyí tó ṣòro jù lọ fún Yorùbá láti gbà ni ogún: láàárín àwọn Àṣáńtì nígbà náà, ọmọ kì í jogún bàbá, ọmọ arábìnrin ló ń jogún arákùnrin ìyá rẹ̀. Yorùbá tó bá fẹ́ obìnrin Àṣáńtì bí ọmọ tí agbo ilé méjì ń pè ní tiwọn, nítorí ìdí bàbá ni Yorùbá ń kà, ìdí ìyá ni Àṣáńtì ń kà. Èyí kì í ṣe ìṣòro kékeré, ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi sùúrù yanjú rẹ̀ láìdé kóòtù.

Àwọn Onítẹ̀bọmi tún ní ìtàn tiwọn níbẹ̀. Míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ti ibẹ̀ lọ jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ibi tí wọ́n bá tẹ àtẹ sí ni wọ́n ń dá ìjọ sílẹ̀, ní Kùmásí, ní Tàmálè àti káàkiri, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin tí wọ́n fi ń wàásù. Lára àwọn tó gbin Ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ Gánà, àwọn alátẹ yìí kó ipa tó tóbi púpọ̀.

Gbogbo owó yìí, ilé ni ọkàn rẹ̀ wà. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Wọ́n ń kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà kí wọ́n tó kọ́ ọ sí Tàmálè, wọ́n ń dáwó fún ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ń padà wá ṣọdún. Mọ́tò ti wá rọ́pò ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Adómì lórí Fólítà ní oṣù Kìíní, 1957, àwọn tó ń gba apá ibẹ̀ kò dúró de pọ́ńtù mọ́. Kì í ṣe oníṣòwò nìkan ló ń rin ìrìn-àjò náà: Hubert Ogunde ti kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lọ sí Góòlù Kóòsì, E. T. Mensah, olórin Gánà, náà sì ti kó háìláìfù rẹ̀ wá s'Ékòó.

Nígbà ìkànìyàn 1960, Yorùbá tó wà ní Gánà lé ní 100,000, àwọn àjèjì lápapọ̀ sì tó bí ẹni 12 nínú 100. Gánà ti gba òmìnira nígbà yẹn. Gánà ti ṣe owó tirẹ̀, Nàìjíríà náà ti ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n ń ra kòkó já lulẹ̀, gbèsè pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ò níṣẹ́, ojú sì yí sára àwọn tó ń tajà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba K. A. Busia, tí kò tíì pẹ́ lórí àléfà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn kan ti lo ogójì ọdún níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n bí síbẹ̀ tí wọn ò rí Nàìjíríà rí. Ta ló fẹ́ gba gbèsè ọjà àwìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó jẹ wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Wọ́n ta ilé àti ọjà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n já ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kó sínú lọ́rì lọ sílé tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, àga ṣófo láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òfin wà lọ́wọ́ ìjọba Gánà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àsìkò tí wọ́n fún àwọn èèyàn náà kò bá ohun tí wọ́n ti fi ayé wọn kọ́ síbẹ̀ mu rárá.

Ó dunni pé Nàìjíríà náà kò kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní 1975 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà buwọ́ lùwé tó dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ l'Ékòó. Ní 1979 ni wọ́n fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Owó epo pọ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ Gánà rọ́ wá, àwọn tíṣà wọn sì kọ́ àìmọye ọmọ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí owó epo wálẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti 1982, nítorí náà ogunlọ́gọ̀ èèyàn há sójú ọ̀nà láàárín Ṣẹ̀mẹ̀ àti Lómè, títí wọ́n fi ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ń jẹ́ “Ghana Must Go” l'ọ́jà Yorùbá títí dòní, ọmọ tí ń rà á kò sì mọ ẹkún tó wà nídìí orúkọ náà.

Àwọn Yorùbá kan rí ìwé gbà ní 1969, àwọn mìíì padà lọ nígbà tí ara tù wọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ń gbé Kùmásí àti Tàmálè. Ọ̀nà mọ́tò láti Èkó sí Àkrà kò ju bí 460 kìlómítà lọ, físà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdókòòwò tí Gánà ṣe ní 2013 ní kí àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, ó sì fi títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Lórí ọ̀rọ̀ òfin yìí ni wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kùmásí àti ní àdúgbò Circle nílùú Àkrà, láàárín 2018 sí 2020. Àtẹ abẹ́rẹ́ àti òwú tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé dé Yéńdì, kò sí àjèjì tí òfin gbà láyè láti tún un tẹ́ mọ́.