Iná Aláwọ̀ Ewé Nínú Òkùnkùn Ọ̀gbìn

Àṣà títan iná aláwọ̀ ewé tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, nígbà tí ènìyàn bá ní láti wọ yàrá tí ọ̀gbìn wà nínú òkùnkùn, ti inú ìwádìí lórí ohun tó ń mú ewéko yọ òdòdó jáde. Oko ìwádìí Arlington, tó jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́bàá Washington, ni ìwádìí náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n padà kọ́ Pentagon sí.

Irú tábà kan tí wọ́n ń pè ní Maryland Mammoth ló rú àwọn olùwádìí Wightman Garner àti Harry Allard lójú níbẹ̀. Nínú oko, tábà yìí a máa ga ju ènìyàn lọ fíìfíì, ewé rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, síbẹ̀ kì í yọ òdòdó títí òtútù yóò fi pa á. Ṣùgbọ́n nínú ilé onígíláàsì lásìkò òtútù, kékeré rẹ̀ gan-an ń yọ òdòdó. Ní 1918, wọ́n kọ́ ahéré dúdú kan, wọ́n ń gbé tábà àti ẹ̀wà sóyà wọ inú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀sán tí wọ́n gé kúrú ló mú òdòdó jáde. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1920 ló fún ayé ní ọ̀rọ̀ náà «fótópíríọ́dì», èyí tó túmọ̀ sí iye wákàtí ìmọ́lẹ̀ tí ewéko ń rí lóòjọ́. Òfin ọ̀sán kúkúrú yìí kan náà ló fà á tí ọkà bàbà ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń yọrí nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, yálà a tètè gbìn ín tàbí a pẹ́ gbìn ín.

Orúkọ náà ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí òru gan-an ni ewéko ń wọ̀n. Karl Hamner àti James Bonner fi èyí hàn ní 1938 pẹ̀lú Xanthium, koríko kan tí èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èèmọ́: òru gígùn kan ṣoṣo tó láti mú un yọ òdòdó, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàrin òru náà, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ wo ló ń ba òru jẹ́? Ní Beltsville, ìpínlẹ̀ Maryland, Harry Borthwick, Sterling Hendricks àti Marion Parker fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, wọ́n sì to ẹ̀wà sóyà sábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 1946 wọ́n kéde pé pupa, ní nǹkan bí 660 nánómítà (ìwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ló lágbára jù, nígbà tí àwọ̀ ewé nílò ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ú lọ gidigidi kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní 1952, hóró lẹ́túùsì fi hàn wọ́n pé pupa ń mú un hù, àti pé pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sójú, ní nǹkan bí 730, ń pa àṣẹ náà rẹ́. Èròjà inú ewéko tó ń gba àṣẹ méjèèjì ni wọ́n sọ ní fáítókróòmù.

Níbẹ̀ ni iná aláwọ̀ ewé ti rí ipò rẹ̀. Fáítókróòmù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ojú ènìyàn ń rí àwọ̀ ewé dáadáa ju àwọ̀ yòókù lọ, pàápàá ní nǹkan bí 555 nánómítà, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba bíńtín ti tó òṣìṣẹ́ láti ríran. Àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ ní irú iná bẹ́ẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn tiwọn, àmọ́ pupa ni tiwọn, àwọ̀ tó léwu jù fún ewéko.

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ka àwọ̀ ewé sí ohun tí ewéko kò rí rárá, nítorí «kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á» kò túmọ̀ sí «kì í gbà á». Ní 1981, Dina Mandoli àti Winslow Briggs ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn ọ́ọ̀tì tó hù nínú òkùnkùn biribiri, wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí ó kéré jọjọ lè yí ìdàgbàsókè rẹ̀ padà, tó bẹ́ẹ̀ tí iná aláwọ̀ ewé tí àwọn onímọ̀ ti ń fọkàn tán láti ọdún pípẹ́ fi pọ̀ jù fún un.