Ẹ̀tọ́ àti Ojúure: Àjẹmọ́nú Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Àgbà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn kan nínú àwa olùwádìí láti máa kéde pé ìyìn àti ìgbéga nìkan ní í mú òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì já fáfá, pé àjẹmọ́nú kàn ń pa ìráhùn mọ́ wọn lẹ́nu ni. Ìwé tí onímọ̀ ìrònú-òun-ìhùwàsí ẹ̀dá, Herzberg, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1959 ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Iṣẹ́ náà níyì lójú mi, ṣùgbọ́n ẹnjiníà àti aṣírò-owó bí 200 ní agbègbè Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, òṣùwọ̀n àwọn wọ̀nyẹn kò sì tó láti fi wọn akọ̀wé tó jókòó ti fáìlì ní ọ́fíìsì rẹ́jísítírà ní Nàìjíríà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ohun tí àjẹmọ́nú jẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014, tó rọ́pò ti 2004, ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Òfin 2010 pèsè owó gbà-má-bínú fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ti 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di dandan.

Ibi tí àwọn tí mò ń dá lóhùn ti ṣìnà ni pé wọn kò ya ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ojúure. Ẹ̀tọ́ a máa dé ní ọjọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀. Ojúure a máa dúró de ẹnu ọ̀gá. Owó ìsinmi kan náà, tí iye rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan ju ara wọn lọ, lè jẹ́ ẹ̀tọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kó sì jẹ́ ojúure ní èkejì. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin tó ń to èsì ìdánwò àwọn tó ti jáde, tí ibà dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ mọ́jú. Níbi tí káàdì ìlera rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, yóò gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí ni yóò ti padà sídìí òǹtẹ̀ rẹ̀. Níbi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, yóò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, yóò tẹ̀ lé e láti tábìlì dé tábìlì, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́sà, nígbà tí ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ kiri ń ṣá lórí tábìlì rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àníyàn. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀tọ́ ń sin iṣẹ́. Ẹni tó ń jẹ ojúure, ọ̀gá ló ń sìn, àpò ọjà ọ̀gá ni yóò sì kọ́kọ́ gbé kó tó kan fáìlì.

Ìyàtọ̀ yìí ló fà mí sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀, àwọn tí a ń pè ní kásúà, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí tábìlì kan náà láìní owó ìfẹ̀yìntì tàbí káàdì ìlera. Ọ̀ràn wọn tó ìwádìí ọ̀tọ̀, mo sì ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ lé e lórí.

N kò sọ pé àjẹmọ́nú nìkan ló ń gbé iṣẹ́ ró. Iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ipa tiwọn. Síbẹ̀, ó jọ lójú mi, bí ìwádìí mìíràn kò bá já a, pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí fáìlì rẹ̀ máa rìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tọ̀ ọ́ wá, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ rìn lọ wá a.