Ta Ló Ń Fi Adájọ́ Jẹ n'Ìbàdàn?

Ní 1832, ìpínlẹ̀ Mississippi l'Amẹ́ríkà pinnu pé ará ìlú ni yóò máa dìbò yan gbogbo adájọ́ wọn. New York ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1846, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ó ti sú wọn kí àwọn olóṣèlú máa fi ipò adájọ́ ta ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́rẹ.

N'Ìbàdàn ìgbà náà, baálé ló ń dá ẹjọ́ agboolé. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ a di ti ìjòyè tó jẹ́ babaogun wọn, ìyẹn aláàbò wọn, ẹjọ́ ńlá a sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjòyè. Ojú ogun ni wọ́n ti ń gba oyè, oyè ló sì ń sọni di adájọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1874. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fẹ̀sùn kàn án pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sóun lójú ogun, kò sì wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tóun ń bọ̀. Ìyálóde san owó ìtanràn, síbẹ̀ wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ẹni tó pè é lẹ́jọ́ náà ni olórí àwọn tó dá a lẹ́bi. Ó ṣì ń dùn mí.

Àdéhùn tí Ìbàdàn bá ìjọba òyìnbó ṣe ní 1904 gbé ẹjọ́ ìpànìyàn kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ó kó o fún adájọ́ tí ìjọba òyìnbó yàn. Ní 1955, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá di adájọ́ àgbà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, n'Ìbàdàn níbí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1960 fi ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn ẹni tí wọn yóò yàn sáàárín adájọ́ àti olóṣèlú. Ti 1963 yọ ọ́ kúrò, ó ní kí olórí ìjọba máa dámọ̀ràn ẹni tí wọn yóò yàn. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà sá fún gan-an nìyẹn! Ti 1979 dá ìgbìmọ̀ padà.

Lábẹ́ ìwé òfin 1999, agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ ló lè di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ l'Abuja a dárúkọ rẹ̀, gómìnà a sì yàn án. Nínú wọn, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ ń dé ilé aṣòfin l'Agodi.

Èmi ò fẹ́ ìdìbò, torí adájọ́ tó ń tọrọ ìbò yóò jẹ gbèsè ẹni tó náwó fún un. Ṣùgbọ́n kí gbogbo adájọ́ tó máa jókòó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road kọ́kọ́ dúró l'Agodi, kí wọ́n bi í léèrè lójú gbogbo ayé.