Ọgbọ́n Obìnrin àti Ọ̀rọ̀ Ìlú: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ẹ̀gbá

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé èrò ọkùnrin yàtọ̀ sí èrò obìnrin. Wọ́n ní inú ọkùnrin jìn, ó lè gba ọ̀rọ̀ pamọ́; wọ́n ní obìnrin kò ṣeé finú hàn, pé ìbínú ni í máa darí rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ti ọmọ ni làákàyè rẹ̀ mọ. Bí ọmọ bá yàn tí ó yanjú, wọn a ní ti baba ni; bí ó bá ya ìpáǹle, wọn a ní ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ni ó wí pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ejò má ṣe lọ. Àwọn babaláwo pẹ̀lú a máa ròyìn nínú Ọ̀ṣẹ́túrá bí àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ti pa Ọ̀ṣun tì nínú ìgbìmọ̀ wọn nígbà tí wọ́n dé ilé ayé, tí gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dàrú, títí Olódùmarè fi bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu àwọn àgbà kò ti kò lórí ọ̀ràn yìí, òwe nìkan kò lè parí rẹ̀. Ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè, ìtàn Ẹ̀gbá sì ní ohun púpọ̀ láti sọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá kò fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan. Erelú ń bẹ nínú ìgbìmọ̀ Ògbóni. Nígbà tí ó ṣe, oyè Ìyálóde dé, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ sọ oyè náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní Abẹ́òkúta ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Èkó ni ó ti wá lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1856, nítorí pé agbára rẹ̀ lórí òwò àti lórí ọ̀rọ̀ ọba ti di ẹ̀rù fún aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey wá kọlu Abẹ́òkúta ní ọdún 1864, Tinúbú wà lára àwọn tí ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún ìlú. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, ó sì wà lórí oyè náà títí ó fi kú ní ọdún 1887.

Ìwọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò lè ronú jinlẹ̀. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Obìnrin tí ó bá ń ta epo fún àwọn òyìnbó ní etí òkun, tí ó sì ń ra iyọ̀ àti tábà lọ́wọ́ wọn láti tà ní ìgbèríko, ní láti ṣírò ọ̀kẹ́ mọ́ ọ̀kẹ́ ní orí, láìsí tákàdá, kí ó sì mọ ẹni tí ó yẹ láti wín ní ọjà àti ẹni tí kò yẹ. Síbẹ̀, kò yẹ kí a bu iyì kún ọ̀rọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Ìyálóde kan ṣoṣo ni ó máa ń dìde láàárín ọ̀pọ̀ ìjòyè ọkùnrin, òwò ẹrú sì wà nínú ohun tí ó sọ Tinúbú di ọlọ́rọ̀. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn kò ju èyí lọ: pé àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ pé ìmọ̀ràn lè ti ọ̀dọ̀ obìnrin wá, wọ́n sì ṣe àyè fún un.

Àwọn òyìnbó tí ó wá ṣe àkóso ilẹ̀ wa gbé èrò ilé tiwọn wá. Ní ọdún 1887 tí Tinúbú kú gan-an, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Romanes, kọ̀wé pé ọpọlọ obìnrin fi nǹkan bí ounce 5 fúyẹ́ ju ti ọkùnrin, ó sì fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òye obìnrin kò lè tó ti ọkùnrin. Kò ka ara obìnrin tí ó kéré ju ti ọkùnrin sí tó bí ó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ ìwúwo ọpọlọ ni ọgbọ́n, erin ni ìbá máa kọ́ wa ní ìwé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1890, ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Philippa Fawcett ṣe ìdánwò ìṣirò ní Yunifásítì Cambridge, ó sì gba máàkì ju ọkùnrin tí ó ṣe ipò kìíní lọ. Síbẹ̀ wọn kò fún un ní oyè ìwé, nítorí pé obìnrin ni; ọdún 1948 ni Cambridge tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin ní oyè náà bí ti ọkùnrin. Ẹ̀rí ti dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ ti jáde.

Nígbà tí òmìnira Ẹ̀gbá bọ́ ní ọdún 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àṣẹ lé Aláké nìkan lọ́wọ́. Orúkọ Ìyálóde kò parẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1918, owó orí dé; ní ọdún kan náà ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ní láti san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe pé nígbà tí a bá fẹ́ gba owó, obìnrin jẹ́ ẹni tí ó dá dúró. Nígbà tí a bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn, ó di aya ẹnìkan. Àpò rẹ̀ dàgbà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò dàgbà lójú òfin.

Ìlú gbé ẹrù yìí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 1944 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó wọ Abeokuta Grammar School ní ọdún 1914 nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ibẹ̀, kó àwọn ìyáàfin onígbàgbọ́ tí ó mọ̀wé jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Láìpẹ́, àwọn ìyá ọlọ́jà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà. Àwọn ìyá ọlọ́jà sì kọ́ àwọn onímọ̀wé pẹ̀lú: wọ́n ròyìn bí wọ́n ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn lórúkọ ogun àgbáyé, àti bí àwọn agbowó orí ti ń fi ìyà jẹ wọ́n. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Ransome-Kuti bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó sì ń sọ Yorùbá níwájú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lè jẹ́ pé àwọn ni yóò wá ògbufọ̀.

Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn síwájú ààfin ní Aké. Ní oṣù Kejìlá wọ́n tún padà, iye wọn sì ju 10,000 lọ. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n wọ́de, wọ́n ní ọdún ni àwọn ń ṣe. Wọ́n kọrin èébú, òkìkí orin náà ni ó sì pọ̀ jù lẹ́nu àwọn aráyé títí di òní, bí ẹni pé ariwo nìkan ni wọ́n mú wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ohun tí wọ́n béèrè yóò rí nǹkan mìíràn. Ẹgbẹ́ náà gba olùṣírò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Wọ́n ní kí a mú owó orí kúrò lórí obìnrin, kí a sì bu owó lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ó ń jèrè ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n ní kí a fi owó sí ọ̀nà tí irè oko yóò fi dé ọjà. Wọ́n ní kí àṣẹ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́, bí kò ṣe lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀. Ìbínú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú tí ó gbé ìṣirò lọ́wọ́ ni.

Ní ọdún 1948, àwọn olóyè Ògbóni pàápàá yí padà lẹ́yìn Aláké. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mú owó orí náà kúrò lórí obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun, Ìyáàfin Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìṣẹ́gun yìí kò pé tán, nítorí pé Aláké padà sórí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1950, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1962. Ní apá Àríwá orílẹ̀-èdè yìí, ọdún 1976 ni wọ́n tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Kí wá ni ìtàn yìí kọ́ni? Kò sọ pé ọkùnrin àti obìnrin rí bákan náà nínú ohun gbogbo. Kò sì sọ pé obìnrin gbọ́n ju ọkùnrin lọ, nítorí pé ọkùnrin wà lára àwọn tí ó ran àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́wọ́, obìnrin sì wà lára àwọn tí ó kọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí ó ń wí pé obìnrin kò lè ro ọ̀rọ̀ ìlú kì í sábà dán an wò kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tì. Nígbà tí a kò bá wá gbọ́ ohùn obìnrin nínú ilé mọ́, wọn a ní kò ní ohun tí yóò sọ. Olùkọ́ tí ó bá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń ní kí ọmọbìnrin fi ìṣirò sílẹ̀ fún ọmọkùnrin, kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ó ka ọ̀kẹ́ owó ẹyọ fún wọn, kí ó sì bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ń ṣírò rẹ̀ ní ọjà.