Ìtàn Adware, àti Bí A Ṣe Ń Lé E Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé

Adware ni ètò tó máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà láti máa gbé ìpolówó ka iwájú ẹni tó ni ín. Tí a bá bèèrè ìtàn rẹ̀, ẹnu kì í kò. Àwọn kan ní fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kan ní òwò tó bófin mu ni. Ìwé kan á ní ọdún 1999 ni iṣẹ́ yíyọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òmíràn á ní 2000. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé láàpútọ́ọ̀pù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítorí ìpolówó tó ń yọ lójú rẹ̀ ṣáá. Fọ́ọ̀máàtì ni onítọ̀hún fi dá wọn lóhùn, fọ́tò ìkómọjáde àkọ́bí wọn sì bá a lọ. Ìyẹn ló mú mi kó ọ̀rọ̀ yìí jọ sójú kan.

Kì í ṣe gbogbo ìpolówó inú ètò ló jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2000, Opera, bíráwúsà tí wọ́n ṣe ní Norway, di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá gbà kí ìpolówó máa hàn lójú rẹ̀; ẹni tí kò bá fẹ́ á sanwó. Lọ́dún 2005 ni wọ́n yọ ìpolówó náà kúrò pátápátá. Ẹni tó lò ó mọ ohun tó rà àti ohun tó fi rà á.

Ti Aureate, adware kan tó padà di Radiate, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ aṣọ àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi Go!Zilla ló gbà wọlé. Bí èèyàn bá yọ Go!Zilla kúrò, Aureate á jókòó síbẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Steve Gibson, ará California, bá a nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ó sì kọ OptOut lọ́dún 2000 láti fi yọ ọ́, ó fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ibí ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń takò ara wọn, torí Ad-Aware ti Lavasoft ti wà ní Jámánì láti ọdún 1999 kí ilé-iṣẹ́ náà tó kó lọ sí Sweden. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ad-Aware fún ni kó máa tú àṣírí àwọn àwòrán tíntìntín tó ń ṣọ́ni nínú Internet Explorer. Nítorí náà, Ad-Aware ni mo gbà pé ó ṣáájú ní ìbí, OptOut sì ni mo kà sí àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yíyọ. Spybot tí Patrick Kolla kọ ní Jámánì tẹ̀lé e. Ní ti ẹni tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà spyware, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ni, mi ò rí ìdí tí a fi ń jà sí i.

Láàárín ọdún 2001 sí 2006 ni adware gbilẹ̀ jù. Kazaa, ètò tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pín orin láìsanwó, ń gbé Cydoor wọlé. Gator ní tirẹ̀ ń bá èèyàn rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ń bá a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sínú fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ṣí ojú-ìwé ìròyìn kan, Gator á gbé ìpolówó tirẹ̀ bo tẹni tó ni ojú-ìwé náà. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2002, àwọn tó ni Washington Post, New York Times àti àwọn ìwé ìròyìn mìíràn pè é lẹ́jọ́ ní Virginia. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi tùbí-ìnùbí parí rẹ̀. Lọ́dún 2003 yẹn kan náà ni Gator yí orúkọ padà sí Claria, tó sì pe PC Pitstop, ojú-ìwé kan tó ń bá èèyàn yẹ kọ̀ǹpútà wò, lẹ́jọ́ torí pé wọ́n pè é ní spyware. BonziBuddy, ìnàkí aláwọ̀ àlùkò tó ń sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, làwọn ọmọdé fẹ́ràn. Àwọn tó ṣe é san $75,000 fún ìjọba Amẹ́ríkà lọ́dún 2004 torí pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé láìgba àṣẹ òbí.

Ibi tí àwọn adware ń sá pamọ́ sí ló mú kí yíyọ wọn nira. Láti ọdún 1997 ni Internet Explorer ti fàyè sílẹ̀ kí ètò mìíràn lè wọ inú rẹ̀ bá a ṣiṣẹ́, adware sì sọ àyè yẹn dilé. Àwọn mìíràn fi orúkọ ara wọn sáàárín àwọn ètò tó ń jí pẹ̀lú Windows. Àwọn tó burú jù dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, bí oníbodè tí gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. New.net wà lára wọn. Bí èèyàn bá kàn pa fáìlì rẹ̀ rẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì á kú fin-ín-fin-ín, torí okùn ti já láàárín. LSP-Fix ni wọ́n fi ń so ó padà. Nígbà tí Windows XP SP2 jáde lọ́dún 2004, àṣẹ netsh winsock reset bá a dé, ó sì gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fọ́ọ̀máàtì.

Nínú gbogbo irinṣẹ́ ìgbà náà, HijackThis ni mo fẹ́ràn jù. Merijn Bellekom, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Netherlands, ló kọ ọ́. Kì í sọ pé èyí dára, èyí ò dára. Ńṣe ló ń to gbogbo ibi ìsápamọ́ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà. R0 àti R1 ni ojú-ìwé tí bíráwúsà kọ́kọ́ ń ṣí. O2 ni ètò tó wọ inú Internet Explorer, O4 ni àwọn tó ń jí pẹ̀lú Windows, O10 sì ni àwọn oníbodè tí mo wí. Ẹni tó bá rí orúkọ fáìlì tí kò mọ̀ lórí O2, tó wo ọjọ́ tó wọlé, á rántí ohun tó dáńlóòdù lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn títí dòní: mo máa ń ṣí Control Panel, mo máa ń to àwọn ètò ibẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọlé, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọlé lọ́jọ́ kan náà sì máa ń fi ara wọn hàn. Nígbà tí adware kan tó ń jẹ́ CoolWebSearch dé lọ́dún 2003, tó ń pa àwọ̀ dà lemọ́lemọ́, Bellekom kọ CWShredder láti fi yọ adware yẹn nìkan. Microsoft náà wọ iṣẹ́ yíyọ: ó ra ilé-iṣẹ́ GIANT, tó ń ṣe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2004. Iṣẹ́ wọn ló di Windows Defender.

Àríyànjiyàn tó yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́ ni ti ìyọ̀ǹda. Àwọn oní-adware ń sọ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Yes. Òótọ́ wà níbẹ̀: wọ́n sábà máa ń gbé ìwé àdéhùn gígùn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ FTC ti Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ Zango, ilé-iṣẹ́ adware kan, wò, wọ́n ní ètò rẹ̀ ń wọlé láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀ dáadáa, àti pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí yíyọ rẹ̀ ṣòro. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2006, Zango gbà láti san $3 mílíọ̀nù. Ìyọ̀ǹda tí a kò lè gbà padà kì í ṣe ìyọ̀ǹda lójú tèmi. Síbẹ̀, Zango pe Kaspersky, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì, lẹ́jọ́ torí pé ó ń dí i lọ́wọ́. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Kaspersky láre: òfin ọdún 1996 tó dáàbò bo ẹni tó ń fún aráàlú ní irinṣẹ́ ìdènà dáàbò bo òun náà. Zango ti kógbá sílé ní Oṣù Kẹrin. Ìdájọ́ yẹn fẹsẹ̀ iṣẹ́ yíyọ múlẹ̀ ju ètò kankan tí wọ́n kọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dún 2019 ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé ààbò náà kò kan ẹni tó bá ń fi ìdènà gbógun ti ẹni tí wọ́n jọ ń dúpò lọ́jà.

Ìgbà toolbar, pátákó tó ń lẹ̀ mọ́ orí bíráwúsà, ló tẹ̀ lé e, bíi Ask tó ń bá Java wọlé. AdwCleaner, tó jáde lọ́dún 2011, ni wọ́n fi ń gbá wọn.

Superfish ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, torí ẹnikẹ́ni ò dáńlóòdù rẹ̀. Inú àwọn láàpútọ́ọ̀pù Lenovo tuntun ló ti wà láti ilé iṣẹ́, àṣírí rẹ̀ sì tú ní Oṣù Kejì ọdún 2015. Kó lè ti ìpolówó bọ inú ojú-ìwé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, ó fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ sínú Windows, bí ẹni fi èdìdì ayédèrú sáàárín èdìdì ọba. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ìwé ẹ̀rí náà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, "komodia" sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ètò náà kúrò láìyọ ìwé ẹ̀rí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Windows Defender bẹ̀rẹ̀ sí í yọ méjèèjì pa pọ̀.

Nísinsìnyí, inú bíráwúsà ni adware pọ̀ sí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí: "Àbúrò mi, fáírọ́ọ̀sì yẹn ti tún dé o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, apá ibo ló ti ń yọ?" Wọ́n ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí fáìlì kankan níbẹ̀. Ojú-ìwé kan tí wọ́n ti ń wo fíìmù ló ní kí wọ́n tẹ Allow láti fi hàn pé wọn kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. A ṣí Settings nínú Chrome, a wọ Notifications, a ń tẹ Remove lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mẹ́rin la bá níbẹ̀. Ọ̀kan péré ni wọ́n rántí.